Ẹjọ́ Irpa Dokra

Ní Kosarpal, abúlé wa, a máa ń pe òrìṣà lẹ́jọ́. Ẹni tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lè rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Òrìṣà tó jẹ ewúrẹ́ wa, tó mu ọtí wa, tó wá ń wò níran nígbà tí kòkòrò ń jẹ ìrẹsì wa, a ó gbé e gun òkè lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ghatin, òrìṣà tó ń dájọ́ àwọn òrìṣà yòókù, ní oṣù Bhadon, nígbà tí òjò kò tíì dá, kí ó lọ wí tẹnu rẹ̀. Bí ó bá jàre, a ó jó gbé e padà sílé. Bí ó bá jẹ̀bi, wọ́n á yọ ìyẹ́ ọ̀kín orí rẹ̀, wọ́n á bọ́ fàdákà ara rẹ̀, wọ́n á sì jù ú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, níbi tí àwọn tí a ti dá lẹ́bi látẹ̀yìnwá ti ń jẹrà. Èyí tí kò bá wá rárá, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò jẹ́, kò sí àríyànjiyàn lórí tirẹ̀. Ìsáǹsá ni. A kì í gbèjà ìsáǹsá.

Irpa Dokra ni òrìṣà ìdílé wa, àwa ọmọ Korram. Igi gbọọrọ méjì ni, tí a fi ẹ̀kẹta so pọ̀ láàárín, orí ẹ̀kẹta yìí sì dà bí orí ejò tó gbé ọrùn sókè. Ọkùnrin mẹ́rin ní ń gbé e lé èjìká. Èmi, Aytu, ni mo ń gbé iwájú lápá òsì láti ìgbà tí èjìká bàbá mi ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Bí a bá bi òrìṣà náà ní ìbéèrè, tí ó bá gbà, á tì wá síwájú. Bí kò bá gbà, á fà wá sẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn òkú wa wà. Bí àgbà Korram kan bá kú, a ó sin ẹ̀mí rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Irpa Dokra, ibẹ̀ ni yóò sì máa bá àwọn aṣáájú gbé. Bí wọ́n bá ju òrìṣà náà nù, gbogbo wọn di aláìnílé, ẹni tó bá sì kú lẹ́yìn náà kò ní ibi tí yóò lọ.

Mímú àlejò káàkiri ni mo fi ń jẹun. Wọ́n ń wá láti Raipur, láti Nagpur, láti ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á wo omi tó ń já láti orí àpáta. Wọ́n á wo tẹ́ńpìlì olókùúta tí àwọn ọba kan kọ́, tí ẹnikẹ́ni kò rántí orúkọ wọn mọ́. Wọ́n á tọ́ èèrà pupa tí a lọ̀ mọ́ ata wò, wọ́n á sì máa ya fọ́tò ara wọn bí ata náà ṣe ń ta wọ́n. N kò ní ẹ̀sùn sí wọn. Ẹni tó wá, tó wò, tó lọ, kò mú nǹkan kan kúrò lọ́wọ́ wa.

Ọ̀gá Tamrakar ni tirẹ̀ yàtọ̀. Ìjọba rán an wá láti Raipur pé kí ó sọ ibi wa di ibi tí àlejò ń pọ̀ sí. Ó kọ́ ilé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ńpìlì, ó pè é ní Ilé Àṣà, ó sì kó ẹrù wa sínú rẹ̀: ọfà, ìgèrè, ìlẹ̀kẹ̀, òòyà tí ọ̀dọ́mọkùnrin ń gbẹ́ fún ọmọbìnrin tó wù ú. Nígbà tí ọjọ́ ìṣílé kù sí dẹ̀dẹ̀, ó wá bá Bàbá Budhsan, gaita wa, ẹni tó ń bá ilẹ̀ àti òrìṣà sọ̀rọ̀ nítorí wa. Ó ní ẹni ńlá kan ń bọ̀ láti Raipur, òun sì fẹ́ kí Irpa Dokra wá fi ojú kàn án. Ọjọ́ kan péré ni òun ń tọrọ. Bàbá Budhsan ní kí a gbé òrìṣà náà kí òun bi í. A gbé e, ó bi í, Irpa Dokra tì wá síwájú. Nítorí náà a gbé e lọ.

Ẹni ńlá náà wá, ó gé rìbọ́ọ̀nù, ó jẹun, ó lọ. Nígbà tí a fẹ́ gbé òrìṣà wa, àpótí gíláàsì ti wà lórí rẹ̀, ó ga ju ènìyàn lọ, àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò Ọ̀gá Tamrakar. Ó ní a kò gbọdọ̀ kánjú. Ó ní nínú ahéré wa, èéfín àti ikán ni yóò pa á, ṣùgbọ́n níbi tí ó wà yìí, yóò pẹ́ ju ọmọ-ọmọ wa lọ. Ó béèrè bóyá inú wa kò dùn pé gbogbo ayé ń wá wò ó.

Ẹ̀ẹ̀rùn kọjá. Òjò bẹ̀rẹ̀. Bàbá Budhsan dùbúlẹ̀ àìsàn, kò sì lè dìde mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí ni Sonmati, tí èmi ń pè ní Didi nítorí pé ẹ̀gbọ́n ni ó jẹ́ fún mi nínú ìdílé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì ti padà sílé bàbá rẹ̀. Òun ní ń gbé oúnjẹ fún òrìṣà látìgbà tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ohunkóhun tó bá kọ́kọ́ so lọ́dún, ìbáà jẹ́ máńgòrò, ìbáà jẹ́ òdòdó igi mahua tí a fi ń pọn ọtí, Irpa Dokra ní ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí ẹnu ènìyàn tó kàn án.

Bẹ́ẹ̀ ni Didi ṣe bu ọtí mahua sínú ife ewé, tí ó rìn lọ sí Ilé Àṣà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú àlejò mi. Sukalu ni wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ọmọ abúlé kejì, tí ìyá rẹ̀ àti Didi jọ ń ṣa òdòdó mahua láti kékeré. Fìlà ìjọba wà lórí rẹ̀.

"Didi, tíkẹ́ẹ̀tì yín dà?"

"Tíkẹ́ẹ̀tì kí ni?"

"Tí ẹ fi máa wọlé."

"Sukalu, ta ló wà nínú ilé yẹn?"

"Irpa Dokra ni."

"O mọ̀ ọ́n, o mọ̀ mí, o wá ń bi mí ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyá ẹ ò ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó bí ẹ."

Sukalu ní kì í ṣe òun ló ń béèrè, fìlà ni. Didi ní kí ó ṣí fìlà náà kí òun lè kí i dáadáa. Ó ṣí i. Didi kí i, ó béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, ó béèrè ẹsẹ̀ màlúù wọn tó ń tiro. Sukalu dáhùn gbogbo rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó sì tún béèrè tíkẹ́ẹ̀tì.

Mo ní kí Didi jẹ́ kí n bá a ra á, kò ju owó tíì lọ. Ó wò mí bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó wọ oko.

"Aytu, tí mo bá ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo ti gbà pé tiwọn ni."

Ó da ọtí náà sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, lójú Sukalu, lójú àwọn àlejò, ó sì yíjú padà sílé. Ojoojúmọ́ ló ń wá dà á síbẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹnu ọ̀nà Ilé Àṣà wá ń rùn bí ibi tí a ti ń pọn ọtí. Ọ̀gá Tamrakar ní kí wọ́n máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Wọ́n fọ̀ ọ́ títí, kò lọ.

Nígbà tí oṣù Bhadon dé, Didi àti àwa tí a ń gbé òrìṣà lọ bá Ọ̀gá Tamrakar nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Didi ṣàlàyé ohun tó ń bọ̀. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò bẹ̀bẹ̀: wọ́n máa pe orúkọ gbogbo òrìṣà lókè, bí wọ́n bá sì pe Irpa Dokra tí kò sí níbẹ̀, a ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá náà fi sùúrù gbọ́ ọ. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun ti ro ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wa, òun sì ti wá ojútùú sí i. Ó ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó fi igi mẹ́ta kan hàn wá tí gbẹ́nàgbẹ́nà láti ìgboro gbẹ́, pẹ̀lú orí ejò àti ìyẹ́ ọ̀kín. Ó jọ Irpa Dokra. N kò ní purọ́, ó jọ ọ́ gan-an.

"Ẹ gbé èyí lọ sókè," ni ó wí. "Ta ló máa mọ̀?"

Didi fọwọ́ kan igi náà, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ fi èyí sínú gíláàsì, ọ̀gá. Ta ló máa mọ̀?"

Ọ̀gá Tamrakar ní ìyẹn ò ṣeé ṣe, àwọn àlejò ò sanwó wá wo ayédèrú. Didi ní Ìyá Ghatin náà ò jókòó sórí òkè láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kí wọ́n lè máa gbé ayédèrú wá bá a. Ó tún fi kún un pé bí wọ́n bá ti bàbá ọ̀gá náà mọ́lé, òun kò rò pé fọ́tò rẹ̀ ni yóò gbé lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọ̀gá náà. Ó ní òun ń bá àgbà obìnrin sọ̀rọ̀, ni òun fi ń ṣe jẹ́jẹ́. Ó ní ohun ìjọba ni ohun tó bá ti wọ Ilé Àṣà, kọ́kọ́rọ́ kò sì ní kúrò nínú àpò òun. A jáde.

Nílé, Bàbá Budhsan béèrè ohun kan ṣoṣo tó ń béèrè lójoojúmọ́, bóyá Irpa Dokra ti dé. Àwa yòókù ti máa ń sọ pé ó ń bọ̀ lọ́nà. Didi kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní wọ́n ṣì tì í mọ́lé.

Bàbá náà ti gbẹ, ó kù bí igi ìdáná. Oúnjẹ kò wọlé mọ́ àfi ògì díẹ̀ nínú ewé.

"Mi ò ní kú nígbà náà," ni ó wí. "Ibo ni wọ́n fẹ́ kí n lọ?"

Ó yíjú sí ògiri, ó sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Àwọn tó wá kí i pé ó dìgbà ó ṣe, ó ní kí wọ́n máa lọ sóko wọn.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Òjò ń rọ̀ wínníwínní. Gbogbo abúlé yíká ti gbé òrìṣà wọn lé èjìká, wọ́n ń gun òkè láàárín igi sal, ẹrẹ̀ dé orókún. Àwa mẹ́rin ń gòkè lọ́wọ́ òfìfo. Kò sí ohun tó burú tó kí èjìká rẹ fúyẹ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará abúlé mìíràn ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń béèrè bóyá òrìṣà wa ti ríṣẹ́ ìjọba. Ọ̀kan ní òun gbọ́ pé ó ti ń gba owó oṣù.

Didi ń tẹ̀ lé wa. Ìgbà tí a dé ibi òkúta méjì, níbi tí obìnrin kì í kọjá lọ́jọ́ ẹjọ́, kò dúró. Manjhi Dhansai, àgbà tó ń gbọ́ ẹjọ́ nítorí Ìyá, rí i láti ibi tó jókòó sí lábẹ́ ewé. Ó ní kí wọ́n dá a padà. Ó ní láti ayébáyé, obìnrin kì í wọ ibí yìí lọ́jọ́ òní.

"Bàbá," ni Didi wí, "Ìyá tó ń dá ẹjọ́ yìí, ṣé ọkùnrin ni?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì yára bo ẹnu rẹ̀. Manjhi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní gaita ló máa ń wí ẹjọ́ òrìṣà. Didi ní gaita wà lórí ẹní, kò ní ọmọkùnrin, òun ló ń bọ́ òrìṣà náà, òun ló mọ ohun tí ó jẹ àti ohun tí kò jẹ. Ó ní bí Ìyá bá fẹ́ kí òun lọ, kí Ìyá fúnra rẹ̀ lé òun. Ó wá jókòó sínú ẹrẹ̀. Wọ́n gbé Ìyá Ghatin, igi tirẹ̀ dúdú fún ọjọ́ orí, wọ́n bi í. Ìyá kò fà sẹ́yìn, kò sì tì síwájú. Ó dúró gbọin. Manjhi ní ìdúró yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́, nítorí náà kí obìnrin náà jókòó síbi tó wà, kí ó má sì sún mọ́ iwájú.

Ẹjọ́ ń lọ. Wọ́n dá òrìṣà kan láre, wọ́n fi ọdún kan kún ọjọ́ òmíràn kí ó lè tún ìwà rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà wọ́n pe Irpa Dokra. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀kẹta, Didi dìde.

"Kò sá," ni ó wí. "Wọ́n tì í mọ́lé. Ẹni tí wọ́n dè, a kì í pè é ní ìsáǹsá."

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀, láti ọjọ́ ìṣílé dé orí ayédèrú. Ẹ̀fẹ̀ tó wà lẹ́nu àwọn ará abúlé kúrò níbẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Manjhi fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ títí. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òfin kò sọ̀rọ̀ nípa gíláàsì. Òrìṣà gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí òun lè ṣe ni kí òun fún un ní àyè títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ó fa ìyẹ́ ọ̀kín kan yọ lórí Ìyá, ó fi ránṣẹ́ sí Irpa Dokra gẹ́gẹ́ bí ìpè. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí kò sí níwájú òun, kí a má padà wá mọ́.

A sáré sọ̀kalẹ̀. Ẹrẹ̀ gbé wa ṣubú, a dìde. Nígbà tí a dé Ilé Àṣà, àlejò ti kún ibẹ̀, nítorí òjò ti lé wọn kúrò níbi omi. Ọlọ́pàá kan tó ń ṣọ́ tẹ́ńpìlì fara ti ògiri, ó ń jẹ ẹ̀pà. Sukalu rí Didi pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára àti ìyẹ́ ọ̀kín lọ́wọ́. Kò sọ nǹkan kan nípa tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi sórí àga, ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Didi fi ìyẹ́ náà lélẹ̀ níwájú gíláàsì. Àwọn àlejò pé jọ. Obìnrin kan láti Pune, tó ní kámẹ́rà ńlá lọ́rùn, béèrè ohun tí ó ń ṣe. Didi ní ìpè ilé ẹjọ́ ni. Wọ́n ń pe òrìṣà náà lókè. Obìnrin náà béèrè bí igi ṣe ń dáhùn ìpè. Mo ṣàlàyé fún un pé ó ń rìn lórí èjìká wa, ó ń tì, ó ń fà. Gbogbo wọn wá ń fẹ́ rí i. Wọ́n yí Ọ̀gá Tamrakar ká, wọ́n ní ṣé wọ́n lè wò ó bó ṣe ń rìn, pé ibi gbogbo ni àwọn á ti fi í hàn.

Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ̀ ọ́ lára. Ó ń wo kámẹ́rà, ó ń wò wá, ó ń wo igi náà. Kò gbà gbọ́ pé igi ń lọ síbì kankan. Ó gbà gbọ́ pé àwa la ń gbé e, a ó sì dúró bí òun bá ní ká dúró. Ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde.

"Ẹ gbé e yí inú ilé ká," ni ó wí fún wa. "Ẹ fi bó ṣe ń rìn hàn wọ́n, kí ẹ dá a padà síbẹ̀."

Bí ó bá jẹ́ èmi ni, mo ti dákẹ́. Didi kò dákẹ́.

"Ọ̀gá, mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́ pé mo sọ fún yín o. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí wọ́n gbé e, kò ní padà síbẹ̀."

"Ẹ gbọ́ ìyá yìí," ni ọ̀gá náà wí fún àwọn àlejò, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó sì ṣí àgádágodo.

A wọlé sínú àpótí, a tẹ̀, a gbé e. Ó wúwo ju bí mo ti rántí lọ. Èjìká mi mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. A dúró láàárín gíláàsì, ìlẹ̀kùn kékeré náà wà lẹ́yìn wa. Didi wá síwájú, ó kọjú sí i láti ìta gíláàsì.

"Irpa Dokra, wọ́n ní o sá. Ṣé o sá?"

Ó fà wá sẹ́yìn, ó mì wá tìtì. Àwọn àlejò mí kanlẹ̀.

"Bàbá mi ń dúró dè ọ́. Ṣé o máa lọ wí tẹnu ẹ?"

Kò yípadà sí ìlẹ̀kùn kékeré náà. Ó tì wá síwájú. Orí ejò náà sọ̀kalẹ̀ bí ti adìyẹ tó fẹ́ ṣá àgbàdo jẹ, ó sì lu gíláàsì. Gíláàsì náà fọ́ láti òkè dé ilẹ̀. A gba orí rẹ̀ kọjá, a gba ẹnu ọ̀nà ńlá jáde, a wà nínú òjò. Ẹsẹ̀ wa ń ṣẹ̀jẹ̀, a kò sì mọ̀. Àwọn kan ti bi mí láti ìgbà náà bóyá àwa la taari rẹ̀. Mo ní kí wọ́n wá fi èjìká gbé e kí wọ́n tó bi mí.

Ọ̀gá Tamrakar ń pariwo lẹ́yìn wa pé kí ọlọ́pàá mú wa. Ọlọ́pàá da èèpo ẹ̀pà nù, ó béèrè ẹni tó fọ́ gíláàsì. Ọ̀gá náà nàka sí wa. Didi ní kí ó bi àwọn àlejò, ojú wọn ló ṣe. Obìnrin Pune ní igi náà ni. Ẹlòmíràn ní igi ni lóòótọ́, òun ti fi kámẹ́rà yà á. Ọlọ́pàá náà, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹsẹ̀ òkè wa, ronú díẹ̀.

"Ọ̀gá," ni ó wí, "mi ò ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó gba òrìṣà. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ wọn ń jókòó lókè lónìí. Ẹ lọ pè é lẹ́jọ́."

Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Ọ̀gá Tamrakar kò mú un ní ẹ̀fẹ̀. Inú ń bí i, kámẹ́rà sì ń wò ó. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó tẹ̀ lé wa. Àwọn àlejò tẹ̀ lé e pẹ̀lú agbòjò wọn. Irpa Dokra ń fà wá gòkè débi tí a kò lè mí. Kò sí ẹni tó ń béèrè mọ́ bóyá ó ń gba owó oṣù.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí a dé iwájú Ìyá. Manjhi pe orúkọ náà. Irpa Dokra fi orí kan ilẹ̀. Ẹ̀sùn ìsáǹsá parí síbẹ̀. Ìyá Ghatin tì síwájú lórí èjìká àwọn tó gbé e, a sì ti jàre.

Manjhi béèrè bóyá ẹnikẹ́ni tún ní ẹ̀sùn kan sí òrìṣà yìí. Ọ̀gá Tamrakar bọ́ síwájú. N kò ní fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú: ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ó sọ pé òun fi ọ̀wọ̀ gbà á sílé, òun dáàbò bò ó lọ́wọ́ ikán, òun ra gíláàsì láti ọ̀nà jíjìn, ohun tó fi san án fún òun sì nìyí. Ó ní òun fẹ́ ìdájọ́. Manjhi bi Irpa Dokra bóyá òótọ́ ni pé ó fọ́ gíláàsì. Mo gbàdúrà nínú mi pé kí ó fà sẹ́yìn. Ó tì wá síwájú. Òrìṣà wa kì í purọ́.

Wọ́n bi Ìyá. Manjhi tẹ́tí, ó bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì jókòó tààrà.

"Ìyá ní ó jẹ̀bi," ni ó wí. "Ó ba ohun olóhun jẹ́. Yóò san ewúrẹ́ kan fún ẹni tó pè é lẹ́jọ́. Àti láti òní lọ, Irpa Dokra ò gbọdọ̀ tún wọ ilé ọ̀gá yìí mọ́ láé. Bí ó bá tún débẹ̀, a ó jù ú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́."

Didi kò rẹ́rìn-ín. Ó dojúbolẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ní a gba ìdájọ́. Ọ̀gá Tamrakar ní òun kì í jẹ ẹran. A bá a jẹ ẹ́.

Bàbá Budhsan gbọ́ ẹsẹ̀ wa láti inú ilé kí a tó dé àgbàlá. Kò béèrè nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ó ní kí wọ́n gbé òun jókòó. Didi bu mahua fún òrìṣà, ó bu fún bàbá rẹ̀, àwọn méjèèjì mu ún. Bàbá Budhsan dúró títí a fi jẹ ìrẹsì tuntun, ó tọ́ ọ wò lẹ́yìn Irpa Dokra, ó ní ó dùn, ó sì kú ní ìrọ̀rùn. Nígbà tí a sin ẹ̀mí rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ òrìṣà, Didi bi í bóyá bàbá òun ti wọlé. Irpa Dokra tì wá síwájú débi pé orókún mi kan ilẹ̀.

Lẹ́yìn ìkórè, Ọ̀gá Tamrakar wá sí àgbàlá Didi. Ayédèrú ti wà nínú gíláàsì tuntun, ṣùgbọ́n àwọn àlejò ti gbọ́ ìtàn náà, èyí tó rìn ni wọ́n ń béèrè. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní ọjọ́ kan péré. Ó ní kò ní sí gíláàsì, kò ní sí àgádágodo, Didi fúnra rẹ̀ á máa mú kọ́kọ́rọ́ dání. Didi ń fi atẹ fẹ́ ìrẹsì lọ́wọ́. Ó fẹ́ ẹ títí ìyàngbò fi tán.

"Òrìṣà wa jẹ̀bi, ọ̀gá," ni ó wí. "Ẹ̀yin lẹ pè é lẹ́jọ́. A ò lè rú òfin."